Ẹlẹ́rìí Ewúrẹ́ Àgbàsìn ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1983 ni ilé ìwòsàn ẹran tí mo jẹ́ alábòójútó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi òpin sí gbígbé òkú ewúrẹ́ kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí lè rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ènìyàn fi yangàn, èyí ni mo sì ń fi yangàn. A kò ran ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni, a kò fi òfin ìjọba dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì pàdánù orúkọ rere rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà.

Ọmọ Kétu ni mí. Abẹ́ àwọn Faransé ni ìlú mi bọ́ sí nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, nítorí náà èdè Faransé ni mo fi kàwé, ìlú Dákà ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran. Ní ọdún 1979, ilé-ẹ̀kọ́ ìwòsàn ẹran kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá gbà mí síṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá títì, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó ní ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ tàbí ajá lè gbé e wá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ́jú rẹ̀ lójú àwa olùkọ́. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń rí ìtọ́jú fún ẹran wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń rí iṣẹ́ kọ́. Àdéhùn rere ni.

Nígbà tí mo ń kúrò nílé, mo rò pé láti ilé kan bọ́ sí ilé kejì ni mo ń lọ. Yorùbá ni mí, ọ̀dọ̀ Yorùbá ni mo sì ń lọ. Ibùdókọ̀ Kuto ní Abẹ́òkúta ni mo ti mọ̀ pé mo ti rìnrìn àjò. Mo kí awakọ̀ kan pẹ̀lú ọ̀yàyà, ní Yorùbá tí ìyá mi fi tọ́ mi. Ọkùnrin náà wo bàtà mi, ó wo fìlà mi, ó ní, "Bàbá Àgànyìn, ẹ kú àbọ̀ o. Ibo lẹ ń lọ?" Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni ogójì ọdún ni mí nígbà náà, ọmọ ilé ńlá ni mí ní Kétu, wákàtí díẹ̀ sì ni mo lò lójú ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé ìwọ̀nba wákàtí bẹ́ẹ̀ tó láti sọ ọmọ Yorùbá di Àgànyìn, àjèjì láti òdìkejì ààlà.

Kíláàsì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì mi gba ẹnu Faransé jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin Igbein kan tí ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, ni ó dìde ní ọjọ́ kan tí ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹran, Yorùbá náà la máa sọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. A ti fi àdéhùn sí i pé kí òun náà jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti Kétu. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì: ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ní Abẹ́òkúta lè dé Kétu kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ṣùgbọ́n ohùn mi a kọ́kọ́ sọdá òkun lọ sí ìlú òyìnbó kí ó tó yí padà dé etí ìyá mi. Nígbà tí ó bá sì dé, ó ti tutù.

"Ṣé wọ́n ń pè ọ́ ní orúkọ rẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Dókítà ni wọ́n ń pè mí, Ìyá."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí àgbàsìn jẹ́. Ẹni tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò ní àyè tàbí ìgbà láti sin ẹran, a fi abo ewúrẹ́ fún ẹlòmíràn sìn. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, wọn a pín ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin oníṣòwò aṣọ ní Ìtòkú ni wọ́n ní ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn tálákà ní Igbein àti ní àwọn àdúgbò mìíràn, ewúrẹ́ kan ṣoṣo a sì so ìdílé méjì tí kò bára tan pọ̀ fún ìran méjì. Àṣà tí ó lẹ́wà ni. Ìgbàgbọ́ ni a fi dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbàgbọ́ máa ń bẹ̀rù ojú ayé, ó ní ẹ̀rí kan tí a fi ń dáàbò bò ó: bí ewúrẹ́ àgbàsìn bá kú, ẹni tí ń sìn ín gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ fi han ẹni tí ó ni ín, kí olúwarẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé a kò tà á, a kò sì pa á jẹ.

Àrùn kan wà tí àwọn ẹlẹ́ran ń pè ní kata. Nígbà ọyẹ́ ni ó máa ń jà jù. Imú ewúrẹ́ a máa da ikun, ojú rẹ̀ a di, ẹnu rẹ̀ a yọ egbò, ìgbẹ́ gbuuru a dé, ikú a sì tẹ̀lé e. Fún ìgbà pípẹ́, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ara wa ìdí tí kata fi ń fò láti Igbein bọ́ sí Ìtòkú láìjà ní ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn. A ń béèrè ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ra ewúrẹ́ tuntun. Wọn a ní rárá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé ewúrẹ́ ààyè ni a béèrè. Ìgbà tí a yí ìbéèrè náà padà ni ìdáhùn jáde: òkú ni ó ń wọlé. Wọn a gbé òkú náà kalẹ̀ nínú agbada láàárín ọgbà, àwọn ewúrẹ́ ilé a wá fi imú tọ́ ọ wò, nígbà tí ó bá sì ṣe díẹ̀, àwọn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìwà òtítọ́ àwọn ènìyàn yìí ni kata ń gùn rìn.

Ẹ wo bí ó ti ṣòro tó. Bí olè ni ó ń tan àrùn náà ká, à bá bá olè wí. Ta ni yóò bá olóòótọ́ wí?

Ọyẹ́ ọdún 1983 ni ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún náà gan-an ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ sí ìlú wọn. Èmi ní ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ń jáde nínú rédíò, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìwé kí ó tó wò ọ́ bí ẹni tí ń lọ. Ní Kuto, mo rí àwọn ènìyàn tí ẹrù wọn ga ju orí wọn lọ. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ wọ Igbein láti yẹ ẹran wò, a sì pàdé opó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìyá Ìdòwú ni wọ́n ń pè é. Láfún ni ó ń ṣe tà, ó sì ń sin ewúrẹ́ fún àwọn ènìyàn. Agbada wà ní orí rẹ̀, aṣọ àlòkù bò ó, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ sì yọ síta.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni mo wí.

"Ta ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ìtòkú ni mò ń lọ. Ti Alhaja Sàlámọ̀tù ni."

Mo ṣàlàyé fún un pé kata ni ó pa á, pé bí ó bá gbé e dé Ìtòkú, àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ yóò kó o.

"Kí n wá sọ kí ni fún Alhaja?"

"Kí ẹ sọ fún wọn pé ó kú."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Dókítà, ṣé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn nílùú yín? Níbí, ẹni tí ẹran àgbàsìn kú mọ́ lọ́wọ́, tí kò gbé òkú ẹ̀ lọ, ó ti pa á jẹ ni. Ọkọ mi kú, kò fi oko sílẹ̀ fún mi, kò fi ilé sílẹ̀. Orúkọ mi ni mo fi ń gba ewúrẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí lólè ní Ìtòkú, ta ló tún máa fi ẹran sọ́wọ́ mi? Kí làwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Ìbéèrè náà kọjá ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Dákà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí òkú náà lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi fúnra mi ni màá lọ bá Alhaja. Èmi ni ẹlẹ́rìí yín. Bí wọ́n bá pè yín lólè, kí wọ́n kọ́kọ́ pe èmi."

Ó kúnlẹ̀, ó sọ agbada náà kalẹ̀. Ó ní, "Dókítà, orúkọ mi lẹ gbé dání yẹn o. Ẹ rọra gbé e."

Ní Ìtòkú, a bá Alhaja Sàlámọ̀tù láàárín aṣọ àdìrẹ rẹ̀. Àwọn aláró mẹ́ta ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kí i, mo sì jẹ́ iṣẹ́ mi. Ó gbọ́ ọ tán láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹ̀yìn mi.

"Òkú ẹ̀ dà?"

"Ó wà ní ilé ìwòsàn wa, Alhaja."

"Èmi ò fi ewúrẹ́ fún ilé ìwòsàn sìn. Ìyá Ìdòwú ni mo fún. Òun dà?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró sílé. Èmi ni mo ń jẹ́rìí fún wọn."

"Ẹ̀yin?" Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Dókítà, ẹ má bínú sí mi o. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, ṣé òun ló máa jẹ́rìí fún wa? Bẹ́ ẹ bá lọ lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni màá wá ẹ̀rí mi lọ?"

Ọ̀kan nínú àwọn aláró ní, "Alhaja, ẹ wo ẹnu wọn dáadáa, bóyá ọ̀rá ẹran ṣì wà níbẹ̀."

Èkejì ní, "Ṣebí ará Dàhọ̀mì ni wọ́n! Àwọn tó ń wá bá Ẹ̀gbá jagun láyé ijọ́hun. Ogun ò rí wa kó, ewúrẹ́ ló kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo ní, "Ìyá, ọmọ Kétu ni mí. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tí Ẹ̀gbá lé padà lẹ́nu odi yín, àwa ni wọ́n padà wá kó. Wọ́n jó ìlú wa, wọ́n kó ìyá ìyá mi lẹ́rú. Ẹ pè mí lálejò, mo gbà. Ẹ má pè mí ní ẹni tó jó ilé mi."

Aláró náà tẹrí ba, ó ń tún aṣọ kan náà sá. Alhaja nìkan ni kò yí ohùn padà.

"Ẹ kú ìrántí ogun. Mi ò bá yín jà lórí ogun, Dókítà. Ewúrẹ́ ni mò ń béèrè."

Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. "Alhaja, èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí òkú ẹ̀."

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Igbein ni mí, mà."

"Tóò. Ará ilé Ìyá Ìdòwú. Ṣé ará ilé á ta ko ará ilé ni? Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ ń gbóná."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí a kò tíì rò. A ti sọ pé kí òkú má rìn. A kò tíì sọ ohun tí yóò rìn dípò rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ bá wa kálọ. Bí òkú kò bá gbọdọ̀ wá bá ojú, ojú lè lọ bá òkú. Ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà níta."

Ó ká aṣọ rẹ̀, ó pe aláró tí ó sọ̀rọ̀ Dàhọ̀mì pé kí ó tẹ̀lé òun.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, Ìyá Ìdòwú ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín. Ó jókòó sí orí pèpéle níta, kò sì gbójú sókè nígbà tí Alhaja kọjá.

A wọ yàrá tí a ti ń la òkú ẹran. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni ó mú ọ̀bẹ, èmi dúró. Ó fi ẹnu tí egbò ti jẹ hàn wọ́n, ó fi ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti le hàn wọ́n. Nígbà tí a la ìfun ńlá gbọọrọ, ìlà pupa àti ìlà funfun tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kata ti máa ń ṣe. Obìnrin méjèèjì tẹ̀ síwájú pọ̀.

Aláró náà ní, "Yéè! Alhaja, bí ẹni fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ sára aṣọ."

Alhaja tẹ orí rẹ̀ ba, ó wò ó bí ó ti máa ń wo aṣọ kí ó tó sanwó rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ènìyàn ò lè ya èyí. Ẹni tó bá pa ewúrẹ́ jẹ ò lè rí èyí yà."

Ó jáde síta. Ìyá Ìdòwú dìde.

"Ìyá Ìdòwú, mo ti rí i."

"Ẹ ṣeun, Alhaja. Ojú yín ni mo fẹ́ kó rí i."

"Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ, ẹ wá mú abo mìíràn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Alhaja. Ó yíjú sí mi. "Dókítà, mi ò lè máa pa ọjà tì nítorí gbogbo ewúrẹ́ tó bá kú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa bá mi wò ó. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé àjèjì ni mí?"

"Nítorí ẹ̀ ni. Ẹ ò lẹ́bí ní Igbein, ẹ ò lẹ́bí ní Ìtòkú. Ta lẹ fẹ́ gbè? Màá bá àwọn tó kù sọ ọ́."

Ó sì bá wọn sọ ọ́. Kí ọyẹ́ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí ká láàárín àwọn ẹlẹ́ran àti àwọn tí ń bá wọn sìn: bí ewúrẹ́ àgbàsìn bá kú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ tààrà, Dókítà yóò là á, yóò sì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín. Àwọn tí ó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ wa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá kí a wá fún ewúrẹ́ wọn ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́ àrùn lára òkú, wọ́n sì kọ́ sùúrù lára àwọn tí ó sin òkú náà nígbà tí ó wà láàyè. Kata kò tán ní ayé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn láàárín wa ti kán.

Mo sọ fún ìyá mi nínú tẹlifóònù pé àwọn ará Abẹ́òkúta ti fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìdí.

"Nítorí pé mi ò bá ẹnikẹ́ni tan."

"Iṣẹ́ nìyẹn, ọmọ mi," ni ó wí. "Kì í ṣe ilé."

Mo ti kàwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé iyán àti ẹran wá fún mi nígbà ọdún Iléyá àti nígbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n àga tí mo jókòó lé, àyè tí ó wà láàárín ilé méjì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bí mo bá fẹ́ ìyàwó ní Igbein, ẹ̀rí mi bàjẹ́ ní Ìtòkú. Bí mo bá sọ ẹnìkan di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewúrẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo máa ń rántí pé Igbein fúnra rẹ̀, ìlú mìíràn ni kí ogun tó lé e wá sábẹ́ àpáta, pé kò sí àdúgbò kan nínú ìlú náà tí àwọn baba rẹ̀ kò sá wá. Àwọn ti dé tipẹ́. Èmi ṣì ń dé.

Ohun tí ó tú mi sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti di dókítà, ó sì ti ń bá mi ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbé òkú ewúrẹ́ kan wá láti Igbein. Ti Alhaja Sàlámọ̀tù ni. Mo ń bọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo jókòó.

Ó là á. Ẹnu mọ́, ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ìfun kò ní ìlà kankan. Àpòlùkù rẹ̀ ni ó kún fún èèpo gbáàgúdá tútù, tí í ṣe májèlé fún ewúrẹ́.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mọ́rẹ́, kata ni, àbí? Ránṣẹ́ sí Alhaja pé kata ni."

"Bàbá, kì í ṣe kata. Ìdí èèpo gbáàgúdá ni ẹ so ó mọ́."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n!"

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Bí mo bá purọ́ fún yín lónìí, lọ́jọ́ tí kata bá pa ẹran olóòótọ́, ta ló máa gba èmi gbọ́?"

Bàbá náà bínú jáde. Mọ́rẹ́nikẹ́ wẹ ọwọ́, ó sì fúnra rẹ̀ lọ jẹ́ iṣẹ́ náà ní Ìtòkú. Mi ò bá a lọ. Bàbá náà fi abo ewúrẹ́ tirẹ̀ rọ́pò èyí tí ó kú, gẹ́gẹ́ bí àṣà nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹni tí ń sìn ín, ó sì pẹ́ kí ó tó tún dáhùn ìkíni ọmọ àbúrò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, obìnrin kan wá láti Ìtòkú nípa ewúrẹ́ rẹ̀ tí ó kú. Mo dìde láti dá a lóhùn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Alhaja ní kí n béèrè ọmọ Igbein."

Mo padà jókòó. Mi ò lè sọ pé kò dùn mí, mi ò sì lè sọ pé inú mi kò dùn. Ohun tí ó jẹ́ pé àjèjì nìkan ni a lè fi ọkàn tán láti ṣe, ọmọ onílé ti ń ṣe é, láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, níbi tí ó ti ṣòro jù. Kò sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè fún ìlú tí ó ju ìyẹn lọ. Mo kọ ìwé pé mo ń padà sí Kétu. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ọdún 1987, mo fi ilé ìwòsàn náà lé Dókítà Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́.